Àpótí Tí Ọwọ́ Ìyá Lè Wọ̀

Agboolé Bàbá Onírédíétọ̀,
Ẹ̀yìn Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Mo kí ọ kú wàhálà kọ̀ǹpútà. Mo tún kí ọ kú àdánìkangbé ilé bàbá rẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti ìgbà tí mo ti kó ẹrù mi wá sílé ọkọ. Bí dẹ́rẹ́bà bá gbé ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó ṣàìsàn. Ìyá rẹ ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí kò rí ibi tí yóò ti sọ ọ́.

Wàá ní kí ló dé tí n kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọmọ mi, ìyàwó ni mí níbí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń gbà kọjá. Bí mo bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù nínú yàrá mi, ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé á ti máa ṣe àmín sí i. Ìwé kò ní ohùn. O mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ awọ, nítorí náà, bí àmì bá ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ kan, fojú fò ó. N kò ní gbé e fún ìyáálé mi pé kí wọ́n bá mi tún un ṣe, bí wọ́n tilẹ̀ ṣe tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ tiwọn ló wà nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojú tó tì mí: mò ń jowú.

Kì í ṣe owú ọkọ o. Bàbá, ọkọ mi, ń ṣe dáadáa sí mi, wọ́n sì ń ṣe dáadáa sí Ìyá Tíṣà, ìyáálé mi. Bí wọ́n bá ti ibi tí wọ́n ti ń tún rédíétọ̀ mọ́tò ṣe dé, tí wọ́n pè mí ní "Ìyàwó," ní ọjọ́ orí mi yìí, èmi tí mo ti bí ọmọ tó tó ọ, ńṣe ni mo máa ń fi ìborùn bo ẹnu bí ọmọge. Mò ń kúnlẹ̀ kí Eyínmẹ́nugún, ọmọ àbúrò wọn, tí ìwọ àti òun jẹ́ ẹgbẹ́, nítorí pé wọ́n ti bí i sínú ilé yìí kí n tó wọlé. N kò lè pe orúkọ rẹ̀, ni mo ṣe wo ẹnu rẹ̀, tí mo wo bí eyín ṣe tò síbẹ̀, tí mo fún un ní orúkọ tèmi. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo èyí dùn mọ́ mi. Ìrètí mi pọ̀ nínú ilé yìí.

Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń jowú, Àjọkẹ́.

Rántí ọjọ́ tí o wá kí wa. O ní àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ fẹ́ kí o máa yàwòrán ilé tí wọn kò tíì kọ́, kí onílé lè máa rìn nínú yàrá rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. O ní kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ rẹ ń gbóná bí ààrò bí o bá ti gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé e, pé ìwọ fúnra rẹ lo máa to òmíràn jọ, àti pé omi ni yóò máa tù ú lára. O ní kékeré lo fẹ́, nítorí inú ọkọ̀ lo ó ti máa gbé e láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Omi nínú kọ̀ǹpútà! Àyà mi já. Ṣùgbọ́n ìdáná ni mo ti gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi.

Ẹ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwọ, Ìyá Tíṣà àti Bàbá. O na fóònù rẹ.

"Mọ́mì, ẹ wo eléyìí."

Mo ju ṣíbí sílẹ̀, mo sáré jáde. "Hẹn, Àjọkẹ́?"

Ojú rẹ kò kúrò lára fóònù. "Ẹ má bínú, Ìyá mi. Mọ́mì Tíṣà ni mò ń pè."

Mo padà sídìí ọbẹ̀ mi. Bóyá o kò tilẹ̀ rántí. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín.

"Àpótí kọ̀ǹpútà yìí kò ju páálí bàtà lọ!" Ìyá Tíṣà nìyẹn. "Gíláàsì lọ́tùn-ún, gíláàsì lósì. Ó rẹwà o. Kíá ni yóò wọ báàgì rẹ."

"Rédíétọ̀ rẹ̀ dà?" Bàbá bi ọ́.

"Òun ló tẹ́ sókè yìí, Bàbá."

"Èyí tó dà bí búrẹ́dì tí èèyàn jókòó lé?"

Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú Bàbá. Wọ́n wá ń ṣàlàyé pé bíi ti mọ́tò náà ni: omi á gba ara ohun tó gbóná kọjá, á gbé ooru lọ sí rédíétọ̀, fáànù á fẹ́ ẹ, omi á tutù, á tún padà. O gé páálí mílíìkì, o tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n àpótí kékeré yẹn gẹ́lẹ́, o gé bébà ní ìwọ̀n ohun tó máa wọnú rẹ̀, o ń tò wọ́n. Mo gbé omi tútù wá fún yín. Ẹ ní kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà dà sórí páálí. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bá omi náà jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí o lọ tán, páálí yẹn wà lẹ́bàá ògiri. Wọn ì bá fi dáná. Mo gbé e wọ yàrá mi, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà. Bó o ṣe ń gbọ́ mi yìí, òun ni mò ń wò tí mo fi ń kọ̀wé. Lọ́jọ́ Ẹtì lo ní o fẹ́ sọ fún ọlọ́jà èwo lo máa mú nínú àpótí méjèèjì tí o fi hàn wọ́n. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, o ó kó gbogbo ẹrù wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá láti tò ó. Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, gbọ́ tèmi náà.

Àkọ́kọ́: má fi ojú ẹlòmíràn ra àpótí.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tìmùtìmù la máa ń rán jù. Bí a bá rán awọ rẹ̀ yí po tán, a máa ń fi ẹnu kan sílẹ̀ lábẹ́, ibẹ̀ la ó ti ki àkísà àti fóòmù wẹ́wẹ́ sí i, kí a tó rán an pa. Ọmọ iṣẹ́ kan wà láàárín wa tí ẹnu tìmùtìmù tirẹ̀ máa ń kéré bí ojú. Àwọn oníbàárà á gbé e, wọ́n á yí i, wọ́n á ní iṣẹ́ ọlọ́wọ́ tútù rèé. Àìmọ̀kan èwe! Mo ní tèmi á kéré ju tirẹ̀ lọ. Ó sì kéré lóòótọ́, ó rẹwà lójú. Ìgbà tó di kíkì, ọwọ́ mi kò wọlé. Mo ń fi igi ti àkísà. Àárín rẹ̀ wú bí ikùn aboyún, etí rẹ̀ yí ká ṣófo. Ọ̀gá wa obìnrin dé láti ọjà, wọ́n jókòó lé e láìwò, ó fì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yí gbirigbiri dé ilẹ̀.

"Ta ló rán ẹyin sí mi nídìí?" Ilẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi ń bi wá.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé. Ẹnu kékeré tó ń fi sílẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni. Ẹni tó ya àwòrán àpótí kékeré yẹn sórí fóònù, ta ló mọ ohun tí òun kì sínú tirẹ̀? Bóyá rédíétọ̀ tirẹ̀ fẹ́lẹ́ ju tìrẹ lọ. Bóyá káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú tirẹ̀ kò gùn tó èyí tí o ti rà. Ohun tí o ní nílẹ̀ ni kí o wọ̀n, kí o tó wọn àpótí.

Bí o bá sì ń wọn rédíétọ̀, má wọ̀n ọ́n lóun nìkan. Bàbá ló sọ eléyìí, èmi kàn fi ẹnu tèmi sọ ọ́ ni. Fáànù máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń wọn ẹnu ọ̀nà fún abiyamọ kò gbọdọ̀ gbàgbé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Rọ́bà omi náà ńkọ́? Má fi rúlà wọ̀n ọ́n gbọọrọ. Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa tẹ̀ nínú àpótí, kí o wá wọn àyè tí títẹ̀ rẹ̀ gbà. Rọ́bà tí ọrùn rẹ̀ bá ká, omi kò ní gba ibẹ̀ kọjá.

Ìkejì ni èyí tí mo rí fúnra mi. Má rẹ́rìn-ín.

Mo ki ọwọ́ mi bọnú páálí rẹ. Bébà tí o kọ "káàdì" sí wà níbẹ̀, èyí tí o kọ "páńpù" sí wà níbẹ̀, ilà tí o fi bírò fà fún rọ́bà gba ẹ̀yìn wọn kọjá lọ sí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ mi dé ibi ọrùn-ọwọ́, ó há. Ìka mi kò kan ìdí ilà náà. Mo yí páálí sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò kàn án. Mo wá ń rò ó pé bí omi bá jò níbẹ̀ ńkọ́? Mo gbé e lọ bá Bàbá.

"Bàbá, ẹ dákun, ibo ni wọ́n máa gbà fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ yìí pọ̀ bó bá tú?"

Wọ́n ki ọwọ́ tiwọn náà bọ̀ ọ́. O mọ ọwọ́ Bàbá. Ìka nìkan ló wọlé.

"Ìyàwó, àfi kí wọ́n tú u ká o."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n á kọ́kọ́ fa omi rẹ̀ dànù." Wọ́n wò mí. "Ìwọ lo ro eléyìí?"

Ìborùn mi tún dé ẹnu.

Ó ṣeé ṣe kí o ti mọ gbogbo rẹ̀, ìwọ lo kàwé. Ṣùgbọ́n mo rí àpótí kejì tí o fi hàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu ọ̀nà ìdáná ni mo ti na ọrùn wò ó. Èyí tí Ìyá Tíṣà sọ pé ó sanra, tí ìdérí òkè rẹ̀ ń ṣí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń yọ. Òun ni kí o mú, Àjọkẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló fi tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Á ṣì wọ báàgì. Omi á rí òkè gbà wọlé, kí ihò kan sì wà nísàlẹ̀ tí o lè ṣí tí omi á fi jáde láìṣẹ̀ṣẹ̀ dojú kọ̀ǹpútà dé bí ìgò òróró. Má sì jẹ́ kí gíláàsì dí gbogbo ara rẹ̀. Ohun tó bá ń mí, ihò imú ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹwà ojú. O mọ eruku Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lásìkò ọyẹ́, bó ṣe máa ń pọ́n lórí aṣọ tí a sá. Ibi tí fáànù ti ń fa atẹ́gùn, kí nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ tí o lè yọ fọ̀.

Kí o tó bu omi kankan sí i, jẹ́ kí Bàbá fi afẹ́fẹ́ dán an wò bí wọ́n ṣe ń dán rédíétọ̀ wò. Afẹ́fẹ́ ni kó kọ́kọ́ sọ ibi tó ń jò fún yín. Afẹ́fẹ́ kì í ba nǹkan jẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ omi. Òun gan-an ló mú mi gbé bírò.

Lẹ́yìn tí o lọ, Ìyá Tíṣà wẹ̀, wọ́n wọṣọ, wọ́n lọ bá àlùfáà wọn. Wọ́n bọ̀ pẹ̀lú ìgò hàǹtú, omi tí àlùfáà fi fọ àdúrà tó kọ sára wàláà. Ó dúdú, ó ń dán. Orí pẹpẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé e sí.

"Ti kọ̀ǹpútà Àjọkẹ́ ni," wọ́n ń sọ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè. "Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé omi ló máa máa yí nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ omi àdúrà."

Inú mi gbóná, mi ò ní purọ́ fún ọ. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n ṣe é. Nítorí pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò ó. Ìyá wo ni yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn gba àdúrà síwájú òun lórí iṣẹ́ ọmọ òun? O mọ̀ pé Bàbá kò dá mi lẹ́kun àtimáa lọ sí ìjọ aláṣọ funfun tèmi. Mo gbé ìgò lọ, Wòlíì gbàdúrà sí i, mo gbé e bọ̀. Mo gbé tèmi sórí pẹpẹ kan náà. Mo tún rò ó, mo tì í síwájú díẹ̀.

Ìgbà tí mo jí, hàǹtú ló wà níwájú.

Mo gbé tèmi síwájú. Kí n tó ti ọjà dé, ó ti padà sẹ́yìn. Ìkíni nìkan la ń bá ara wa sọ. "Ẹ káàárọ̀ mà," "Ìyàwó, ṣé o sùn dáadáa?" Ìgò ló ń bá wa jà. Eyínmẹ́nugún ń kọjá, ó ń wo pẹpẹ, ó ń fi ọwọ́ bo eyín.

Bàbá ló kọ́kọ́ lanu. "Ìyàwó, kí ni ìgò méjì yìí ń lé ara wọn kiri fún?"

"Omi kọ̀ǹpútà ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rọ, torí Àjọkẹ́ ní ibi tí omi ń wọ̀ sí nínú rẹ̀ kò ju ife ṣáì lọ."

Bàbá jókòó. Wọ́n ní dẹ́rẹ́bà kan gbé ọkọ̀ wá bá àwọn rí, tí ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Àwọn tú rédíétọ̀ rẹ̀, àwọn rí i pé ihò rẹ̀ ti dí, ohun dúdú kan ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí oje igi. Dẹ́rẹ́bà ní hàǹtú ni òun bù sí i kí ọ̀nà lè là. "Mùsùlùmí ni mí," Bàbá ní, "mò ń mu hàǹtú, mo sì fi ń wẹ ojú. Ẹnu èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Tàdáà ló wà nínú rẹ̀, Ìyàwó, yíǹkì ni, á sùn sísàlẹ̀. Bí ihò rédíétọ̀ mọ́tò bá lè dí, ti kọ̀ǹpútà tó tín-ín-rín bí irun ńkọ́?"

Mo yọ̀ díẹ̀. "Tèmi kò ní yíǹkì, Bàbá."

"Kànga ni wọ́n ti pọn tìẹ. Iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìpẹtà ló máa bí. Omi tí wọ́n sè títí ó fi di ooru, tí ooru náà tún tutù padà di omi, irú èyí tí àwọn oníbátìrì ń lò, òun nìkan ni, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kí nǹkan hù nínú rẹ̀. Àjọkẹ́ mọ̀ ọ́n." Wọ́n dìde. "Sọ fún ìyáálé rẹ. Bí mo bá sọ ọ́ fúnra mi, wọ́n á ní mò ń gbè sẹ́yìn rẹ."

Mo gbé ìgò tèmi kúrò lórí pẹpẹ. Ti Ìyá Tíṣà, mo fi í sílẹ̀.

Ṣé o rí i? Mo mọ ohun tí omi yẹn máa ṣe, mo sì dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sídìí ewébẹ̀, mò ń ṣa á, mò ń wo ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ lójú inú. Mo rí Ìyá Tíṣà bí wọ́n ṣe ń rọ hàǹtú, tí o kò lè kọ̀ fún wọn nítorí ọ̀wọ̀. Mo rí i tí kọ̀ǹpútà dákẹ́. Mo rí ọ tí o yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn, tí o wá sí yàrá mi, tí o sì ń pe ìyá rẹ ní ìyá. Ó dùn mọ́ mi, Àjọkẹ́. Ó dùn mọ́ mi títí ewébẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà tí mo wá wò ó dáadáa, nínú gbogbo ohun tí mo rí yẹn, ìwọ lò ń sunkún. Iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ló ń ti ọwọ́ rẹ bọ́. Èmi ni mo sì jókòó tí mò ń gbádùn rẹ̀.

Mo da ewébẹ̀ sílẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyáálé mi.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Hàǹtú yẹn kò ṣeé rọ sínú kọ̀ǹpútà."

Wọ́n yọ awò ojú. "Omi tìẹ ló wá ṣeé rọ?"

"Tèmi náà kò ṣeé rọ." Mo ro gbogbo ohun tí Bàbá wí fún wọn.

Tíṣà ni wọ́n, wọn kì í gbàgbé nǹkan. "Àná lo ti gbé ìgò tìẹ kúrò."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"O wá fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Mo ń wo ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n á pariwo, pé gbogbo agboolé á jáde. Ẹ̀rín ni mo gbọ́. "Ìyàwó tí kò lè wo èèyàn lójú yìí! O le o. Ká ní èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, èmi náà ì bá fi tìẹ sílẹ̀." Wọ́n fà mí dìde, wọ́n fi mí jókòó ti ara wọn. Wọ́n ní, "Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tí mo bí, o mọ̀. Wọ́n ń pè mí bí wọ́n bá fẹ́ nǹkan. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ kọ́kọ́ pè mí ní Mọ́mì, ẹ̀yìn ni mo wò, mo rò pé ẹlòmíràn ló ń pè. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí o kò mọ̀ fún ọ. Kò sí ìgbà tó pè mí lórí fóònù tí kò kọ́kọ́ bèèrè pé, 'Ṣé Ìyá mi ti jẹun? Ṣé ojú kò tì wọ́n jù níbẹ̀? Ẹ bá mi mójú tó wọn o.' Ká tó dé orí kọ̀ǹpútà, ó ti rẹ̀ mí. Ṣé ìwọ nìkan lo rò pé ò ń jowú?"

Àjọkẹ́, kí ló dé tí o kò bi èmi fúnra mi bóyá mo ti jẹun? Mo ti jẹun, ọmọ mi. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ó ń dín kù.

Ohun tí a wá fẹnu kò sí nìyí. Kò sí omi àdúrà kankan tí yóò wọnú kọ̀ǹpútà. Ìwọ lo máa fi wẹ̀. Bí o bá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wàá fọ ọwọ́ méjèèjì, wàá bọ́jú, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyá Tíṣà ní hàǹtú ló yẹ kó ṣáájú, torí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á. Mo ní èmi ni mo bí ọ. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ gba ibòmíràn yọ, ni Bàbá ní kí a da méjèèjì pọ̀ sínú bàsíà kan. Wọ́n sì ní kí o nu ọwọ́ gbẹ dáadáa o, àdúrà tàbí kò sí àdúrà.

Ìmọ̀ràn tó kù kò pọ̀. Níbi iṣẹ́ tuntun rẹ, wàá rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju tìrẹ lọ, tí ọ̀gá ń pè síwájú rẹ. Owú á mú ọ, torí ọmọ mi ni ọ́. Bó bá mú ọ, má tìtorí rẹ̀ rán ẹnu tìmùtìmù rẹ kéré. Bí o bá sì mọ ohun tó máa ba iṣẹ́ ẹni yẹn jẹ́, sọ fún un, bó tilẹ̀ pẹ́ ọ kí o tó sọ ọ́. Pípẹ́ rẹ̀ kò dára. Àìsọ rẹ̀ ló burú jù.

Má tìtorí ìwé yìí dẹ́kun pípe Ìyá Tíṣà ní Mọ́mì. Wọn yóò bi mí pé kí ni mo sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá tún ní àwòrán kan láti fi hàn, èmi ni kí o kọ́kọ́ fi hàn. N kò ní mọ ohun tí mò ń wò, mo mọ̀. Ojú rẹ ni màá máa wò. Ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ti mọ bó ṣe máa ń rí bí nǹkan bá wù ọ́.

Ohun tó kẹ́yìn rèé. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé ojú ìwé tó tẹ̀lé èyí, mo fi bírò yí i ká. Ọwọ́ mi nìyẹn, bí ó ṣe tóbi gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ibi tí abẹ́rẹ́ awọ ti sọ ọ́ di líle létí àtàǹpàkò. Gé e kúrò. Kí o tó fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ní kí ọlọ́jà sọ ìwọ̀n ẹnu àpótí náà fún ọ, kí o fà á sílẹ̀, kí o gbé ọwọ́ mi yìí lé e. Bí ọwọ́ mi bá wọlé, tìrẹ á wọlé, wàá lè dé ibikíbi tó bá ń jò. Bí kò bá wọlé, jọ̀ọ́, má rà á.

Ìyá Tíṣà bá mi níbi tí mo ti ń yà á. Wọ́n ní kí n ya ọwọ́ tiwọn náà sí i. Mo ní ìwé ti kún. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wò mí, wọ́n sì jókòó, wọn kò lọ. Bí o bá yí ojú ìwé yẹn padà, wàá rí ọwọ́ kan níbẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí yíǹkì ta sí létí. Tiwọn nìyẹn. Tèmi ló wà níwájú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó bí ọ.